Ọmọ ìyá aláṣọ àti ṣéfìn sítíìkì onírin: àkọsílẹ̀ ọrùn kan tó kún fún bọ́ǹpùsì

Báńkì kan ní Marina ló gba ọmọkùnrin yìí síṣẹ́, òfin wọn sì ni pé ọkùnrin tó bá máa kojú oníbàárà gbọ́dọ̀ fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kó tó débẹ̀, kílípà ni mo fi ń gé e fún un ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Èbúté-Mẹ́ta, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Balógun, ti ń fà á lọ́wọ́ wá. Ojú rẹ̀ ò ní wàhálà kankan nígbà yẹn. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báńkì tí ọrùn rẹ̀ fi yí padà. Láti abẹ́ àgbọ̀n títí dé ibi tí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ń dé, kókó wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀. Àwọn kan dúdú, àwọn kan pọ́n, àwọn kan ti gba ọyún sórí. Bó bá ti di táì, kọ́là á máa ha á. Ó ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ máa ń kán sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kó tó dé ọ́fíìsì.

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó gbà, bí mi ò bá ti dárúkọ òun. Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ ni pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan kì í jókòó sórí àga mi kó máa ráhùn nípa irú ọrùn bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń pè ní ìdí rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe òun.

Ṣéfìn sítíìkì oníke alábẹ mẹ́ta ló kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tí ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í sú, ó wá ọ̀nà àbáyọ lórí fóònù, ó sì rí i kà pé abẹ tó pọ̀ lórí igi kan ló ń fa bọ́ǹpùsì, pé kí èèyàn lọ ra onírin ayé àtijọ́, èyí tó ń gba bíléèdì ẹyọ kan. Ó lọ sí Ìdúmọ̀tà, ó ra ọ̀kan tó wúwo, tó ń dán, pẹ̀lú páálí bíléèdì kan. Ó lò ó fúngbà díẹ̀, ọrùn náà wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú bí i. Ó ní irọ́ ni gbogbo wọn ń pa lórí fóònù.

Irọ́ kọ́ o. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ abẹ púpọ̀ yẹn. King C. Gillette, ará Amẹ́ríkà, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ ìṣẹ̀dá lọ́dún 1904 lórí ṣéfìn sítíìkì onírin tí bíléèdì rẹ̀ ṣeé yọ dànù. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kan náà ló wá gbé alábẹ méjì jáde lọ́dún 1971. Ohun tí abẹ kejì wà fún ni pé bí abẹ àkọ́kọ́ bá ti gé irun, tó sì fà á sókè díẹ̀ nínú ihò rẹ̀, kí irun náà tó rí àyè padà wọlé, abẹ kejì á tún gé e. Nígbà tó bá padà sí àyè rẹ̀, ó ti kúrú ju ojú awọ lọ. Ẹni tí irun rẹ̀ tọ́ gbọọrọ á fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, inú rẹ̀ á dùn. Irun tiwa kì í jáde tààrà ní tirẹ̀. Ihò tó ti ń hù nínú awọ gan-an ló tẹ̀, irun tó bá sì ti ibẹ̀ jáde á máa ká. Bí a bá gé e mọ́ awọ tímọ́tímọ́, ẹnu rẹ̀ á mú bí abẹ́rẹ́. Bó ti ń gùn, á yí orí padà, á tún gún awọ wọlé. Èyí tí a gé sí abẹ́ awọ kò tilẹ̀ ní ráyè jáde rárá, inú lọ́hùn-ún ló ti máa gún ẹ̀gbẹ́ ihò tó wà. Ara ò sì mọ̀ pé irun òun fúnra òun ni, àjèjì ló máa kà á sí, á sì gbógun tì í. Ogun yẹn ló ń wú, tó ń pọ́n, tó ń yúnni.

Nítorí náà abẹ ẹyọ kan sàn fún irú irun wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó mú un lè fi abẹ ẹyọ kan yẹn ṣe gbogbo ohun tí abẹ mẹ́ta ń ṣe, kó tún lé e.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Mo ní kó kó gbogbo ohun tó fi ń fá irun wá, kó wá fá a níṣojú mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fá a nílé. Ó ní, “Bọ̀dá, níwájú gbogbo èèyàn?” Mo ní kó wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí àwọn ọmọṣẹ́ mi bá ti lọ.

Ohun tó kó wá ò pọ̀: ṣéfìn sítíìkì náà, ọṣẹ ìwẹ̀ kan, ìgò spírítì, àti túùbù ìpara kan tí màá padà sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó bu omi tútù sójú lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọṣẹ ra ọrùn, ìfófó rẹ̀ ò ju ti ẹni tó fẹ́ fọwọ́ lọ. Ó gbé àgbọ̀n sókè, ó fi ọwọ́ òsì fa awọ ọrùn wálẹ̀ títí ó fi le koránkorán, ó wá ki abẹ bọ ìdí ọrùn, ó ń fá a gòkè bọ̀ wá sí àgbọ̀n. Ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ débi pé mo rí i tí awọ ń wọ́ ṣáájú irin. Bó bá fá ibì kan tán, á fi ìka wò ó. Bí ìka bá kan nǹkan tó rí ṣákaṣàka, á tún padà sí i láìtún ọṣẹ rà. Abẹ́ àgbọ̀n lápá ọ̀tún, mi ò lè ka iye ìgbà tí irin náà gba ibẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ló da spírítì sọ́wọ́, ó pa eyín pọ̀, ó gbá a mọ́ ọrùn.

Ìgbà tó di orí irin náà ni mo bi í pé nígbà wo ló pààrọ̀ bíléèdì gbẹ̀yìn. Ó ní ó ṣì mú. Mo tú u. Kò dè é le tó, bíléèdì náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọṣẹ gbígbẹ sì ti dì mọ́ eteetí rẹ̀. Bíléèdì tí owó rẹ̀ ò tó owó ọkọ̀ láti Ọ̀yìngbò dé CMS ló ń ṣọ́ lò báyìí, lórí ojú tó fi ń jẹun.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn ni mo wò jù. Fífà tó ń fa awọ wálẹ̀ ń mú kí irun yọrí jáde nínú ihò, abẹ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ á wá gbé e láti ìdí. Bó bá fi awọ sílẹ̀, irun tó kù á rì wọlé. Iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ lórí alábẹ mẹ́ta ni ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣe. Ó ti ju ti oníke nù, àmọ́ ó fi ìka ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ó dá mi lójú pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé kí wọ́n tó wá bá mi, torí bí wọ́n ṣe wọlé ni wọ́n ní, “Bábà mi, ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe kílípà ni ọmọ yìí ti kó o?” Ìbéèrè tó tọ́ ni, kò sì dùn mí. Àwọn ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọn kì í nu irin láàárín oníbàárà méjì. Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.” Mo tan iná fóònù sí ọrùn rẹ̀. Làpálàpá máa ń yí ká róbótó, etí rẹ̀ á máa bó, irun tó wà níbẹ̀ á máa já. Èyí ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí abẹ ń dé nìkan ló wà, orí ètè rẹ̀ lókè sì mọ́ roro, bẹ́ẹ̀ ó ń fá ibẹ̀ náà. Bí bọ́ǹpùsì irun ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọrùn àti àgbọ̀n ló fẹ́ràn, ó sábà máa ń fi orí ètè sílẹ̀. Mo wá fi awò tí mo fi ń wo eyín kílípà gbé e súnmọ́ wọn. Nínú kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò, irun kan hàn kedere lábẹ́ awọ tó fẹ́lẹ́, ó jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó wọlé padà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, orí méjèèjì wà nínú awọ. Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, “Irun ara ẹ̀ ló ń gún un?”

Wàyí o, túùbù ìpara yẹn. Màmá ló rà á níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn lórí àtẹ lọ́jà, wọ́n sọ fún wọn pé ó ń pa gbogbo nǹkan tó bá sú sára. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Oògùn ààrùn olú (irú èyí tó ń fa làpálàpá), oògùn kòkòrò àti sítẹ́rọ́ìdì líle ni wọ́n máa ń pò pọ̀ nínú rẹ̀. Á kọ́kọ́ mú kí ó rọlẹ̀ lóòótọ́, torí sítẹ́rọ́ìdì ń pa wíwú. Bí a bá wá ń pa á lójoojúmọ́, awọ á fẹ́lẹ́, á máa bó, ọgbẹ́ kékeré ò sì ní tètè jiná. Àwọ̀ ọrùn rẹ̀ lápá kan ti ń mọ́ ju ojú lọ kí n tó gba túùbù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ò kọjá irun, mo sì ti rí kókó tó le lẹ́yìn párì rẹ̀ tí kò jọ àwọn tó kù. Mo ní kó lọ rí dókítà awọ ara ní ilé ìwòsàn LUTH, ní Ìdí-Àràbà. Ó lọ. Dókítà pè é ní pseudofolliculitis barbae, orúkọ tí wọ́n ń pe bọ́ǹpùsì irùngbọ̀n yìí, ó ní kó má fi abẹ kan ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, ó fún un ní jẹ́ẹ̀lì adapalene fún alálẹ́ àti benzoyl peroxide fún òwúrọ̀, ó sì kọ ìwé fún báńkì. Ìwé yẹn ló ń bà á lẹ́rù jù. Ó rò pé wọ́n á sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe òun. Mo sọ fún un pé ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí àìsàn yìí kan náà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń pe sójà lọ́lẹ. Máníjà rẹ̀ ka ìwé náà, ó ní kó máa gé e mọ́lẹ̀, kó má ṣáà jẹ́ kó di igbó.

Kílípà la fi ń gé e ní gbogbo àsìkò yẹn, a fi nǹkan bíi mìlímítà kan sílẹ̀ lójú awọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú. Àwọn irun tó ti wà nísàlẹ̀ ṣì ń gún un, ó sì ń bi mí bóyá kò ní sàn kí òun padà sí abẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sá. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi táwẹ́ẹ̀lì tó rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo ọrùn, kó wá fi abẹ́rẹ́ tó ti fi spírítì nu kó abẹ́ irun tó bá ti ká, kó gbé orí rẹ̀ jáde. Kó gbé e jáde ni mo wí, kó má fà á tu. Irun tí a fà tu á tún hù láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, a ò sì mọ ibi tó máa gbà jáde. Ìṣẹ́ kan ṣoṣo tí oògùn náà fà ni pé benzoyl peroxide máa ń bó àwọ̀ aṣọ. Ó bó aṣọ ìrọ̀rí àǹkárá tí màmá rán fún un, wọ́n sì bínú sí ìyẹn ju bọ́ǹpùsì lọ.

Nígbà tí ọrùn ti rọlẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí irun sùn sí. Èyí ni àwọn tó ń kọ́ni lórí fóònù máa ń yára kọjá. Wọ́n á ní kí o máa fá a wálẹ̀, ó tán. Mo fi ìka pa irun tó hù díẹ̀ yẹn níbi gbogbo, ìka ló ń sọ fúnni: ibi tó bá yọ̀ ni irun sùn sí, ibi tó bá ha ọ́ lo ń lọ lòdì sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sùn wálẹ̀ bí ti gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ìdí ọrùn rẹ̀ sùn gòkè, abẹ́ àgbọ̀n lápá òsì sì sùn lọ sí etí. Ẹni tó bá ní kó fá gbogbo ọrùn yẹn wálẹ̀, lòdì sí irun ló ní kó fá a. Mo ya àwòrán ojú sórí bébà, mo fi ọfà sí i níbi kọ̀ọ̀kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí nílé.

Àkókò la tún kọ́kọ́ yí padà. Ọ̀jọ́dú ló ń gbé. Kí Third Mainland tó kún, ó ti gbọ́dọ̀ gorí ẹ̀, èyí túmọ̀ sí pé inú òkùnkùn ló ti ń fá irun, omi tútù, ìkánjú, nígbà míì kò sí iná. Mo ní kó máa fá a lálẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀, irun ò ní hù jáde tán kí ilẹ̀ tó mọ́ débi tí máníjà máa rí i. Ẹni tó bá ń gbọ́ mi, kó mú èyí kó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bí kò bá lè mú gbogbo rẹ̀: má fi ìkánjú fá ọrùn.

Lálẹ́, bó bá wẹ̀ tán, á fi táwẹ́ẹ̀lì lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo ojú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kí irun mu omi. Irun tó mu omi rọ̀, abẹ ò ní fà á. Ìpara ìfárun, kì í ṣe ọṣẹ ìwẹ̀, ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì rà, á máa yí i po kí irun lè dìde. Bíléèdì tuntun lẹ́yìn ìfá mẹ́ta. Á de orí irin náà le, á mú un níparí igi, ìwúwo irin náà nìkan ni kó máa gé, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fi kún un. Igi náà á tẹ̀ sísàlẹ̀ títí abẹ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sójú awọ, kó má nàró. Fífá kúkúrú, ṣíṣan lómi léraléra, bí ọfà ṣe wí lórí bébà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo níbi kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ òsì wà lẹ́yìn, mo tiẹ̀ ní kó fi di síńkì mú ní ìbẹ̀rẹ̀ kó má bàa ṣìwà hù. Omi tútù, kó fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kó má nu ún. Spírítì ò kan ọrùn mọ́, abẹ́rẹ́ nìkan ló ń fi nu. Màmá ní àdí àgbọn ńkọ́, ní òrí ńkọ́? Òrí ò burú fún ara, àmọ́ èmi ò fẹ́ kí wọ́n kùn ún bẹẹrẹ sábẹ́ kọ́là nínú ooru Èkó, ìpara fẹ́lẹ́ tí kò lóòórùn tó. Jẹ́ẹ̀lì alálẹ́ yẹn, ọjọ́ tí kò bá fá irun ló ń fi í sí, torí ó máa ń ta awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Ohun tó ṣòro fún un jù nínú gbogbo rẹ̀ ni fífi irun sílẹ̀. Bó bá fá a báyìí, ojú á mọ́, aṣọ á sì yẹ ẹ́, àmọ́ bó bá fi ìka lòdì sí irun, á ṣì kan nǹkan. Kò sí bí irú ọrùn tirẹ̀ ṣe máa dán bíi dígí kó má sú. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Oníbàárà báńkì ò ní fi ìka pa á lọ́rùn.

Ó gbọ́, títí di ìgbà ìdána rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí fọ́tò, ó padà sórí dígí, ó na awọ, ó fá a gòkè. Fọ́tò náà dára, mo rí i. Kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì ló ti padà wá, ọrùn ti sú, kò lè wò mí lójú. Mo gbé kílípà. Ohun tí mo rí dì mú nínú ìyẹn ni pé ọ̀nà tí a ń gbà fá a tẹ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, torí gbogbo nǹkan tó kù ni kò yí padà.

Ní báyìí, ó máa ń ní ẹyọ kan tàbí méjì nígbà ooru, ó mọ bí yóò ṣe gbé e jáde. Àmì dúdú tó wà lọ́rùn ṣì wà, wọ́n ń ṣá díẹ̀díẹ̀, dókítà ti sọ fún un pé oṣù púpọ̀ ló máa gbà. Kókó lẹ́yìn párì ò lọ. Kélóìdì ni, àpá tó wú tó sì le, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún sí i ní ilé ìwòsàn, ó ti rọ̀, ó sì ti kéré sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì ń bà á.

Àbúrò rẹ̀ ti ń hu irùngbọ̀n. Màmá ká a mọ́ ibi tó ti ń fi ṣéfìn sítíìkì ẹ̀gbọ́n fá ojú, wọ́n sì pè mí lórí fóònù kí n bá a wí. Mo bá a wí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí bọ́ǹpùsì: kòkòrò tó ń fa mẹ́dọ̀wú oríṣi B lè wà láàyè lórí irin fún ọjọ́ méje, ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí sì tó fún un. A ti ra tirẹ̀ fún un. Kò tíì fi kan ọrùn, mo ní kó kọ́kọ́ jẹ́ kí irun hù díẹ̀, ká lè ya bébà tirẹ̀.